Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Wo Yàrá Ọ̀mọ̀wé

Ilé-ìwé ìjọba ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ẹnu géètì pé gbogbo ọmọ ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsan kọ́bọ̀. Bí ọmọ bá wá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, kó rọra gba ẹ̀yìn ògiri yẹn wọ ọ́fíìsì kékeré kan, kó lọ gba bíìlì tirẹ̀. "Gbogbo ọmọ" yẹn ò kàn án. Ó máa san owó ìforúkọsílẹ̀, ó máa san owó ìjókòó, ó sì máa san owó kan tí wọ́n ń pè ní owó ìtọ́jú fáìlì, àfi bí ẹni pé ibà ń ṣe fáìlì náà.

Tó bá san gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n á tún ní kó wá fi ibi tó ń sùn han àwọn. Òfin ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti òkèèrè wá gbọ́dọ̀ ní alágbàtọ́, ó sì gbọ́dọ̀ ní yàrá tirẹ̀, èyí tó ní ilẹ̀kùn, fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì, tábìlì àti iná ìkàwé. Ọdọọdún ló yẹ kí wọ́n máa wá wò ó, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì ni ẹsẹ̀ wọn ń tó ilé kan. Ẹni tí kò bá ní in, wọ́n á wọ́gi lé ìwé ìgbélùú ẹ̀, ó di ilé. Òfin yìí dáa púpọ̀. Ó kàn dá mi lójú pé ẹni tó kọ ọ́ kì í gbé ilé rẹ́ǹtì.

Nínú ilé Àǹtí Alágbàfọ̀, Ọjọ́bọ̀ ni ìbẹ̀wò náà bọ́ sí, aago méjìlá ọ̀sán, nígbà tí àwọn ọmọ wà ní họ́lídè kékeré. Ọmọ tí wọ́n ń bọ̀ wá wò jẹ́ ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n Àǹtí lọ́kùnrin. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ìwé ò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ti lo ọdún méjì, ó ti wọ kíláàsì àṣekágbá, ó ku ọdún kan péré kó gba sátífíkéètì. Ibi tó ń sùn ní tòótọ́ ni yàrá ìlọṣọ, láàárín àpò aṣọ oníbàárà, lórí fóòmù pẹlẹbẹ kan tí wọ́n máa ń ká nílẹ̀ láràárọ̀ kí Àǹtí tó lè rí ibi dúró sí. Yàrá náà ò ní fèrèsé. Ilẹ̀kùn ẹ̀ ò ṣeé tì nítorí irin tí wọ́n fi ń kọ́ aṣọ.

Àwọn tó ni yàrá méjì tó kù, ẹ má bínú sí wọn, wọ́n nílò ẹ̀. Àǹtí àti ọkọ ẹ̀ wà nínú ọ̀kan. Bébì, ọmọ wọn, wà nínú èkejì, òun àti bàtà mọ́kànlélógún.

"Bébì, dìde!" Àǹtí ti ń pariwo láti aago mẹ́fà àárọ̀. "Kó gbogbo nǹkan ẹ jáde. Mi ò fẹ́ rí ẹyọ bàtà kan níbẹ̀."

"Mọ́mì, mi ò kó nǹkan kan." Bébì fa aṣọ bora. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, kíláàsì kan náà sì lòun àti Ọ̀mọ̀wé jọ wà. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, nítorí náà kì í san kọ́bọ̀. Kì í kàwé náà. "Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e wá ni? Ẹ sọ fún wọn pé kò ní yàrá. Ó tán."

"Ó tán? Tó bá tán, ta ló máa máa lọ ṣẹ́ẹ̀tì tí òtẹ́ẹ̀lì ń kó wá? Ìwọ?"

Bébì ronú sí i fún ìgbà díẹ̀. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó bàtà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé èèyàn burúkú ni Àǹtí o. Èèyàn dáadáa ni. Òun ló sanwó takisí láti pápákọ̀ òfurufú lọ́jọ́ tí ọmọ yìí dé, kò sì sí oníbàárà kan tí kò tíì sọ ọ́ fún. Owó oúnjẹ tí bàbá ọmọ ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù nìkan ni kì í rántí sọ.

Ọkọ ẹ̀, tí Ọ̀mọ̀wé ń pè ní Àǹkù, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ọjọ́ ìsinmi ẹ̀ sì ni. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń fi búrẹ́dì jẹ ẹyin, wọ́n ń gbé dígí ńlá Bébì kọjá lẹ́yìn ẹ̀.

"Ọ̀mọ̀wé, níbo ni iyọ̀ wà?"

Ọ̀mọ̀wé ló di ìdí dígí náà mú. Ó gbé e kalẹ̀, ó lọ mú iyọ̀ wá, ó sì padà wá gbé dígí.

"Ẹ ṣé gan-an," Àǹtí wí fún ọkọ ẹ̀. "Ẹ má dìde o. Ẹ jẹ́ ká máa ṣe é lọ."

"Ìyá Bébì, ìwọ náà mọ̀ pé ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Mo mọ̀. Ẹnu nìkan ni ò dùn yín."

Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, Onídìrí tó ń gbé òkè gbé tábìlì kékeré kan sọ̀kalẹ̀ wá. Tábìlì tó máa ń to ìyarun àti òróró irun sí ni, Àǹtí ló yá a. Ó bá wọn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá Bébì. Gbogbo wọn ló rò pé á padà sókè, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó dúró, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ń wo yàrá yípo.

"Ìyá Bébì, yàrá yìí mà dáa o."

"A dúpẹ́."

"Ọmọ yìí lórí ire. Ṣé ó ti pẹ́ tó ti ń gbé inú ẹ̀?"

"Ó ti pẹ́."

"Ẹn-ẹ́n. Ojú mi ló ń ṣe mí bákan nígbà náà. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé aṣọ wá fún yín, àárín àpò aṣọ ni mo máa ń rò pé mo ti ń rí i tó ń kàwé."

"Ibẹ̀ ló fẹ́ràn," Àǹtí wí. "Ó ní òtútù kì í mú òun níbẹ̀."

"Báwo ni òtútù ṣe fẹ́ mú un? Áyọ́ọ̀nù ń gbóná níbẹ̀ tọ̀sán-tòru!" Onídìrí bẹ̀rẹ̀, ó fi etí aṣọ ẹ̀ nu òróró tó wà lójú tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, kí n rí tábìlì mi gbà tó bá di ìrọ̀lẹ́. Oníbàárà mi ń bọ̀. Àbí ibẹ̀ ni ọmọ á máa ti kàwé lọ báyìí?"

Ọ̀mọ̀wé ń to ìwé sórí tábìlì náà bí ẹni tí etí ẹ̀ di.

Nígbà tó ku bíi wákàtí kan, Àǹtí pe Ọ̀mọ̀wé sórí bẹ́ẹ̀dì. Òun fúnra ẹ̀ di olùbẹ̀wò. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó gba gíláàsì ojú ọkọ ẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó wá fún ojú pọ̀.

"Ta ló ni yàrá yìí?"

"Èmi ni."

"Ṣé o jí i ni? Sọ ọ́ kó dún jáde. Ta ló ni ín?"

"Èmi ni, mà!"

"Aago mélòó lo máa ń sùn?"

"Aago mẹ́sàn-án."

Bébì tó fara ti ilẹ̀kùn bú sẹ́rìn-ín. Lálaalẹ́ tí òtẹ́ẹ̀lì bá kó aṣọ wá, aago méjìlá ni Ọ̀mọ̀wé máa ń fa áyọ́ọ̀nù yọ, ìyẹn tí ọwọ́ ẹ̀ bá yá.

"Bébì, mo máa gbá ẹ létí. Ó dáa. Iṣẹ́ ilé wo lo máa ń ṣe?"

Ọ̀mọ̀wé ronú. Àǹtí náà ronú. Ìbéèrè ọ̀hún le díẹ̀, nítorí pé kò sí èyí tí kì í ṣe, èyí tó kéré tó ṣeé sọ ni wọ́n ń wá.

"Kó sọ pé òun máa ń fọ abọ́ tóun fi jẹun," Àǹkù wí láti pálọ̀.

"Mo máa ń fọ abọ́ tí mo bá fi jẹun, mà."

"Ìyẹn dáa," Àǹtí wí. "Ìyẹn bọ́ sí i."

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kò sẹ́ni tó fipá mú Ọ̀mọ̀wé. Òun náà ti rò ó títí. Tí olùbẹ̀wò bá rí fóòmù yẹn láàárín àpò aṣọ, wọn ò ní gbé e lọ sí yàrá tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n máa gbé e sí. Ọdún méjì á wọgbó. Á délé láìní sátífíkéètì, àfi àpá áyọ́ọ̀nù lọ́rùn ọwọ́. Ọdún kan péré ló kù. Èèyàn lè purọ́ fún ọdún kan. Àwọn tó kọ "gbogbo ọmọ" sára ògiri ti ń pa tiwọn bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, kò sì sẹ́ni tó dá wọn padà sílé.

Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ni olùbẹ̀wò dé, nítorí pé àwọn olùbẹ̀wò náà ní ọgbọ́n tiwọn. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó gbá fáìlì mọ́ra. Àǹkù ló ṣílẹ̀kùn. Gíláàsì ẹ̀ ṣì wà lójú ìyàwó ẹ̀, kò ríran dáadáa, ló bá rò pé oníbàárà ni. Ó ní kó gbé aṣọ ẹ̀ sílẹ̀ ńbẹ̀ yẹn, kó padà wá ní Túsìdeè. Àǹtí sáré wá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹ̀.

Èdè ìlú náà ni obìnrin yìí ń sọ, kò gbọ́ tiwọn rárá. Ìyẹn bá Àǹtí lára mu. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣílẹ̀kùn yàrá, ó sì ń fi ohùn dídùn sọ fún Ọ̀mọ̀wé ní èdè tiwọn pé, "Tó o bá bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, èmi pẹ̀lú ẹ lónìí."

"Kí lẹ sọ?" obìnrin náà béèrè.

"Mo ní kó wá kí yín ni."

Obìnrin náà tẹ bẹ́ẹ̀dì wò. Ó tẹjú mọ́ tábìlì, ó gbóòórùn òróró irun. Ó ní kí Ọ̀mọ̀wé tan iná. Ọ̀mọ̀wé nawọ́ sẹ́yìn, ó tàn án láìwo ògiri. Ó ní kó ṣí fèrèsé. Fèrèsé yẹn máa ń há, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e sókè díẹ̀ kó tó tì í. Ọ̀mọ̀wé gbé e sókè, ó tì í, ó ṣí. Ó ní kó mú ẹ̀wù òtútù kan wá. Ìpele kẹta nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lọ́wọ́ ọ̀tún. Ibi gbogbo nínú yàrá yẹn ni Ọ̀mọ̀wé mọ̀ ju Bébì lọ. Òun ló ń gbá a, òun ló ń nu fèrèsé ẹ̀, òun ló sì ń ká aṣọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn láti ọdún méjì.

"Ó hàn gbangba pé o fẹ́ràn yàrá ẹ," obìnrin náà wí, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọmọ yín ńkọ́?" ó bi Àǹtí. "Níbo lòun ń sùn?"

Wọ́n ti gbọ́n fún ìyẹn. Àǹtí mú un lọ sí yàrá ìlọṣọ. Bébì ló nà sílẹ̀ lórí fóòmù yẹn, apá lórí àyà, ẹnu ṣùtì. Tábìlì ìlọṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án lórí. Olùbẹ̀wò ò lè wọlé, ààyè ò sí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fojú wá fèrèsé títí ó fi sú u.

"Níbí?"

"Níbí náà ni, mà."

Bébì sín. Ó tún sín. Kò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbẹ̀, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Ó fi èdè ilé pariwo, "Mọ́mì, kí lẹ fi sínú aṣọ yìí? Mi ò lè mí!"

"Máa fẹnu mí," Àǹtí dá a lóhùn. Ẹ̀rín ò kúrò lójú ẹ̀.

Olùbẹ̀wò yọ áńkáṣíìfù. "Ẹ gbé yàrá tó dáa fún ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, ẹ wá fi ọmọ tí ẹ fi inú ara yín bí síbí?"

Àǹtí tẹ orí ba. "Àlejò ni, mà. Mi ò lè fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ."

"Ogún ọdún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò rí irú ìyá báyìí rí." Ó nu ojú. "Èèyàn ò gbọ́dọ̀ sùn síbí o. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè ni mo bá níbí, lónìí olónìí ni ǹ bá wọ́gi lé ìwé ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yín ni, òfin wa ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa Bébì lórí. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ gidi." Bébì wo ọwọ́ náà bí ẹni tó fẹ́ gé e jẹ.

Kó tó lọ, ó ní òun fẹ́ bá Ọ̀mọ̀wé sọ̀rọ̀, àwọn méjì péré. Òfin nìyẹn náà. Àǹtí jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì dúró sẹ́yìn ẹ̀. Òjìji ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì hàn kedere nísàlẹ̀.

"Ṣé ohunkóhun wà tó o fẹ́ sọ fún mi?"

Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi béèrè, ìyẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wọn fó. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi Ọ̀mọ̀wé ní ìbéèrè tí kì í ṣe ti ibi tí iyọ̀ wà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mà, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá sọ fún yín pé ibi tóun ń gbé ò dáa, ṣé ẹ máa ń wá ibòmíì fún un?"

"Rárá o. Àwa kì í wá ilé. Ìwé nìkan la ń wọ́gi lé. Kí ló dé? Ìwọ ni?"

"Rárá, mà. Ọ̀rẹ́ mi kan ni."

"Sọ fún un pé kó lọ wá àǹtí bíi tìẹ."

Ó ní kí Ọ̀mọ̀wé jókòó sídìí tábìlì, kó mú báyírò dání, kó rẹ́rìn-ín. Ó yà á ní fọ́tò. Ó ní ọ̀kan wà fún fáìlì, ọ̀kan wà fún àwọn òbí, ọ́fíìsì á fi ránṣẹ́ sí wọn lónìí. Ó buwọ́ lu ìwé ọdún kan, ó bọ Àǹtí lọ́wọ́ méjèèjì, ó lọ.

Àǹtí jó láti ẹnu ọ̀nà dé kíṣìnnì. Àǹkù tí ẹ̀yìn ń dùn náà jó. Bébì ò ráyè ijó, ó ti ń kó bàtà padà. Kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, ìwé Ọ̀mọ̀wé ti wà nínú páálí, dígí ti wà láyè ẹ̀. Onídìrí wá gbé tábìlì. "Ẹ kú oríire o," ó wí. Ó wo Ọ̀mọ̀wé lójú, ó sì gbé tábìlì ẹ̀ gun òkè lọ.

Àǹtí se ìrẹsì, ẹran méjì ló fi sí ti Ọ̀mọ̀wé. Ẹran méjì, ẹ gbọ́ mi o! "Jẹun dáadáa, ọmọ mi, o ṣe bẹbẹ. Tó o bá jẹun tán, ṣẹ́ẹ̀tì òtẹ́ẹ̀lì jẹ́ ogójì. Aago méje ni wọ́n ń bọ̀ wá kó o."

Kí n má purọ́, inú Ọ̀mọ̀wé dùn. Ó máa parí ilé-ìwé. Ó tan áyọ́ọ̀nù, ó ń lọ aṣọ, ó ń kọrin sábẹ́ imú.

Ní nǹkan bí aago márùn-ún, fóònù Àǹtí dún, irú ìpè tí èèyàn ti máa ń rí ojú ara wọn. Bàbá àti ìyá Ọ̀mọ̀wé ni. Àǹtí gbá fóònù mú, ó sáré wọ yàrá Bébì, ó ti Bébì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wá ké sí Ọ̀mọ̀wé kó máa bọ̀ kíá.

"A ti rí fọ́tò o!" bàbá ẹ̀ ń pariwo. "Gbogbo àdúgbò ni mo ti fi hàn. Fèrèsé! Tábìlì! Àbúrò mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

"Bọ̀ọ̀dá mi, kí lẹ̀ ń dúpẹ́ sí? Ọmọ mi náà ni."

"Ọ̀mọ̀wé, o ò sọ fún wa pé yàrá ẹ tóbi tó báyẹn. Ẹ gbọ́, èmi àti ìyá ẹ̀ ti fẹnu kò. Kékeré náà á máa bọ̀ ní sáà tó ń bọ̀. Wọn á jọ máa gbé inú ẹ̀. Mo ti bá ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò mi sọ̀rọ̀, ó ń gbé owó bọ̀ lọ́la."

Kékeré ni àbúrò Ọ̀mọ̀wé, ọmọ ọdún méjìlá. Ó ti orí sí iwájú fóònù. "Síítà mi, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni tèmi o! Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀!"

Àǹtí ti ń mi orí kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó sọ̀rọ̀ tán. Owó oúnjẹ ẹni méjì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ronú lé lórí. "Ẹ gbé e wá, Bọ̀ọ̀dá mi! Ààyè wà dáadáa!"

Irọ́ tí Ọ̀mọ̀wé pa lọ́sàn-án, ara ẹ̀ ló pa á fún. Òun ló máa sùn sórí fóòmù yẹn, òun ló sì gbà bẹ́ẹ̀. Kò gbà á fún Kékeré.

Ó gba fóònù lọ́wọ́ Àǹtí, wọ́ọ́rọ́wọ́, bó ṣe máa ń gba abọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kó lọ fọ̀ ọ́. Ó jáde.

"Níbo lò ń gbé fóònù mi lọ? Ọ̀mọ̀wé! Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Ó wọ yàrá ìlọṣọ, ó tan gílóòbù. Ó gbé fóònù náà yí ká díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè rí i: àpò aṣọ, ògiri tí kò ní fèrèsé, fóòmù, tábìlì ìlọṣọ, ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rìndínlógún tó ti lọ̀ àti mẹ́rìnlélógún tó kù.

"Dádì, yàrá inú fọ́tò yẹn kì í ṣe tèmi. Ti Síítà Bébì ni. Àárọ̀ yìí ni wọ́n yá mi. Níbí ni mo ń sùn láti ọdún méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán Kékeré wá. Ẹ jọ̀ọ́, Dádì."

Àǹtí ti dé ẹnu ọ̀nà, ó káwọ́ lórí. Lójú fóònù, ìyá Ọ̀mọ̀wé fọwọ́ bo ẹnu. Ó yí sí ọkọ ẹ̀, ó ń dúró de ohun tó máa sọ.

Ọkọ ẹ̀ sún mọ́ fóònù títí ojú ẹ̀ fi kún gbogbo ẹ̀. Ó ń wo yàrá náà láti igun kan dé èkejì. Ó wúkọ́.

"Ọ̀mọ̀wé," ó wí, "tábìlì tó wà láàárín yẹn, tí wọ́n bá gbé e jáde, ṣé ibẹ̀ ò ní gba ẹni méjì?"